Níbo Ni Eégbọn Wàràwàrà Ti Ń Wá?

Kíniyẹn ni gbogbo ilé ń pè é. Ẹnu rẹ̀ ló fà á.

Bó bá rí èèrà, "Kí ni yẹn?" Bó bá rí òṣùmàrè, "Kí ni yẹn?" Bó bá rí imú ara rẹ̀ nínú dígí, á tún ní, "Kí ni yẹn?"

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Kíniyẹn. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dí ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́.

Kíniyẹn ní ajá kan. Wàràwàrà lorúkọ ajá náà, torí pé ajá yìí kì í rìn. Eré ló máa ń sá.

Gbìrì, gbìrì, gbìrì! Ẹ gbọ́ yẹn? Wàràwàrà ló ń lọ jẹun.

Gbìrì, gbìrì, gbìrì! Wàràwàrà ló tún ń lọ sùn. Ta ló ń sáré lọ sùn? Wàràwàrà ni!

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ilé dákẹ́. Kò sí gbìrì kankan.

Kíniyẹn bá Wàràwàrà lẹ́yìnkùlé. Ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ rẹ̀. Kò jẹun. Kò ju ìrù.

Kíniyẹn fọwọ́ pa á lórí. Ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan kan lẹ́yìn etí ajá náà. Ó rí roboto. Ó tó hóró ẹ̀wà.

"Màmá! Kí ni yẹn?"

Màmá sáré dé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa. "Má fọwọ́ kàn án mọ́, ọmọ mi. Eégbọn ni."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ̀jẹ̀ Wàràwàrà ló ń mu."

"Ṣé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ó ń gbẹ ẹ́ gan-an. Bó bá sì ń bọ̀, ó lè gbé àìsàn dání wá."

Olùwádìí ni Màmá. Àwọn kòkòrò tó ń buni jẹ ló ń wádìí.

Níbi iṣẹ́ Màmá, ẹ̀fọn ń gbé inú àpótí tí a fi àwọ̀n ṣe. Híííín! Híííín! Tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn, ń jó nínú abọ́ omi, ìdí lókè, orí nísàlẹ̀.

Màmá mọ ẹ̀fọn bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n eégbọn? Oṣù tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ eégbọn.

Wọ́n gbé Wàràwàrà lọ sọ́dọ̀ Dókítà Ẹranko. Irùngbọ̀n dókítà yìí gùn débi pé ọmọ ológbò kan ti sùn sínú rẹ̀ rí.

Dókítà mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó fi fa eégbọn náà yọ, ó jù ú sínú ìgò. Tín!

Ó tún rí òmíràn. Tín! Ó tún rí òmíràn. Tín! Tín! Tín! Eégbọn méjìlá!

"Àwọn ni wọ́n kó ibà ràn án," ni Dókítà wí. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ń dín kù." Ó fún Wàràwàrà lábẹ́rẹ́. Wàràwàrà ò tiẹ̀ ké.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n padà lọ. Tín! Tín! Tín! Eégbọn tuntun mẹ́jọ!

Dókítà mi orí. Irùngbọ̀n rẹ̀ náà mì.

"Òògùn mi ń ṣiṣẹ́," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń yọ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń gùn ún. Ẹ ní ibì kan nílé tí eégbọn ń gbé."

"Níbo?" ni Kíniyẹn béèrè.

"Èmi ò mọ̀. Ẹ wá a. Bí mo bá tún rí ẹyọ eégbọn kan lára ajá yìí lọ́jọ́ Ẹtì, kò ní lè gbé ọ̀dọ̀ yín mọ́. Màá wá ilé mìíràn fún un, ibi tó jìnnà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tán."

Kíniyẹn di Wàràwàrà mọ́ra. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò béèrè nǹkan kan.

"A máa rí i," ni Màmá wí.

Ní Ọjọ́rú, Màmá ò lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé iṣẹ́ wá sílé.

Ó mú aṣọ funfun ńlá kan jáde. Ó so ó mọ́ igi gbọọrọ. Ó so okùn mọ́ igi náà. Ó ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ bọnú ìbọ̀sẹ̀. Kíniyẹn náà ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ìyá Àgbà jókòó lórí àga, ó ń wò wọ́n. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí Màmá. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n ọn lẹ́nu.

"Ìyá Kíniyẹn, ṣé pápá lo fẹ́ nù ni?"

"Rárá o, mà. Eégbọn máa ń dúró sórí koríko. Á na ẹsẹ̀ iwájú sókè. Ẹran tó bá kọjá, á dì mọ́ ọn. Bí aṣọ yìí bá kọjá, á rò pé ẹran ni."

"Háà! Ó fẹ́ wọ ọkọ̀ ọ̀fẹ́ ni ká wí!"

Màmá fa aṣọ náà níwájú ilé. Ṣààà! Ṣààà! Ṣààà!

Ó yí aṣọ padà. Ó wò ó níwájú. Ó wò ó lẹ́yìn. "Kò sí nǹkan kan. Ó mọ́ tónítóní!"

Ó fa aṣọ náà lẹ́yìnkùlé. Ṣààà! Ṣààà! Ṣààà!

Ó wò ó níwájú. Ó wò ó lẹ́yìn. "Kò sí nǹkan kan. Ó mọ́ tónítóní!"

Ó fà á lẹ́bàá ọ̀nà, lọ bọ̀, lọ bọ̀. Ṣààà! Ṣààà! Ṣààà!

Ó wò ó níwájú. Ó wò ó lẹ́yìn. Nǹkan dúdú kan wà níbẹ̀!

"Kí ni yẹn?" ni Kíniyẹn pariwo.

Màmá wò ó títí. "Hóró koríko ni."

Wọ́n wo inú ilé igi tí Wàràwàrà ń sùn sí. Ibẹ̀ náà mọ́ tónítóní.

Ni Màmá bá tẹ́ ìwé sórí tábìlì. Ó ya àwòrán gbogbo ilé sínú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ibi tí Wàràwàrà máa ń dé, ẹ sọ ọ́ fún mi."

"Ibi abọ́ rẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí. Màmá fi àmì pupa síbẹ̀.

"Ẹnu ọ̀nà." Àmì pupa. "Abẹ́ àga mi, bí mo bá ń jẹun." Àmì pupa.

"Ṣé ó tún ku ibì kan?"

"Èmi ò mọ ibòmíràn," ni Ìyá Àgbà wí. "Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá nǹkan, ẹ bá mi wá ìborùn mi mọ́ ọn. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mi ò ti rí i."

Kíniyẹn wo àwòrán náà. Ó rí ibì kan tí kò ní àmì.

Kíniyẹn tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi! Ó pa ẹnu mọ́, bí ìkòkò tí wọ́n dé.

Ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ ohun tó pa mọ́ fún yín.

Lọ́sàn-án, bí Kíniyẹn bá ti iléèwé dé, Ìyá Àgbà máa ń sùn lórí àga. Họ́ọ̀n... fíì! Họ́ọ̀n... fíì!

Kíniyẹn àti Wàràwàrà á yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kọjá. Wọ́n á wọ abẹ́ àtẹ̀gùn.

Ibẹ̀ tutù. Ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Ìgbálẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn àpótí àtijọ́ náà wà níbẹ̀. Ilé tiwọn ni. Kíniyẹn tiẹ̀ tẹ́ ibùsùn fún Wàràwàrà. Aṣọ rírọ̀ kan báyìí ló fi tẹ́ ẹ, aṣọ tó ní wajawaja létí. Ẹ má bi mí pé aṣọ ta ni.

Ṣùgbọ́n Màmá ti kìlọ̀. Àpótí kan ti já lu Kíniyẹn lẹ́sẹ̀ níbẹ̀ rí. "Mi ò gbọdọ̀ rí ọ lábẹ́ àtẹ̀gùn mọ́!" ni Màmá wí lọ́jọ́ náà. "Ṣé o gbọ́?"

Kíniyẹn gbọ́. Gbígbọ́ náà ló gbọ́.

Ọjọ́bọ̀ dé. Ọjọ́ Ẹtì ku ọ̀la.

Wàràwàrà ò lè gbé orí sókè. Màmá fi ṣíbí fún un lómi. Omi náà ṣàn padà síta.

Màmá tún jáde. Ṣààà! Ṣààà! Ṣààà! Ó padà wọlé pẹ̀lú aṣọ rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní.

Màmá jókòó sórí ìpele àkọ́kọ́ nínú àtẹ̀gùn. Ó fọwọ́ lérán. "Mo ti wá a títí," ni ó wí. "Ó ti tán lọ́wọ́ mi."

Kíniyẹn ò rí Màmá bẹ́ẹ̀ rí. Ó wo Màmá. Ó wo Wàràwàrà. Ọ̀rọ̀ gun ọ̀fun rẹ̀ wá, ó tún padà sísàlẹ̀. Ó tún gun òkè.

"Màmá, àwòrán yẹn ò pé."

"Báwo?"

"Ó ku ibì kan." Ohùn Kíniyẹn kéré bíi ti ẹ̀fọn. "Abẹ́ àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni èmi àti Wàràwàrà máa ń wà lọ́sàn-án. Ẹ ní kí n má lọ. Mo ṣì ń lọ."

Ìyá Àgbà dá ife tíì dúró lẹ́bàá ẹnu.

"Ìborùn yín náà wà níbẹ̀, Ìyá Àgbà. Èmi ni mo mú un." Ni Kíniyẹn bá bú sẹ́kún.

Màmá dìde díẹ̀díẹ̀. Ó wo àtẹ̀gùn tó jókòó lé. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán.

"Lábẹ́ ibí yìí? Nínú ilé?"

"Ṣé ẹ máa bá mi wí, mà?"

"Ìbáwí ń bọ̀, má ṣèyọnu. Gbé tọ́ọ̀ṣì wá ná!"

Wọ́n kọ́kọ́ yẹ ara Kíniyẹn wò. Màmá wo ẹ̀yìn etí rẹ̀. Ó wo abíyá rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀. Ìyá Àgbà tú irun rẹ̀, ó wo àárín rẹ̀ dáadáa.

"Kò sí eégbọn," ni Ìyá Àgbà wí. "Iyanrìn iléèwé nìkan ló kún ibẹ̀."

Màmá wọ ìbọ̀wọ́. Ó kó àwọn àpótí kúrò. Ó rá wọ abẹ́ àtẹ̀gùn. Ó tan tọ́ọ̀ṣì. Kẹ́ẹ̀!

Ó fa ìborùn jáde, ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun. Àwọn nǹkan dúdú kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri.

"Yéè!" ni Ìyá Àgbà pariwo. "Ìborùn mi ti gba ayálégbé!"

Màmá tún tan iná sí ara ògiri. Ògiri náà ti là. Ibi tó là náà gùn, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́.

"Kíniyẹn, dúró sọ́hùn-ún, kí o máa wòran. Mo fẹ́ pè wọ́n jáde."

Ó tẹ́ etí aṣọ funfun sídìí ògiri. Ó gbẹ́nu sún mọ́ ibi tó là. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Fùùù!

"Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Bí eégbọn bá gbóòórùn èémí, á rò pé oúnjẹ dé. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ló fi ń gbóòórùn."

"Ẹsẹ̀ ló fi ń gbóòórùn?" Kíniyẹn wo ìka ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ó mì wọ́n. Wọn ò gbóòórùn nǹkan kan.

Fùùù! Fùùù!

Eégbọn kan yọjú. Ó na ẹsẹ̀ iwájú sókè. Ó jáde.

"Ọ̀kan!" ni Kíniyẹn kà.

Òmíràn yọjú. "Èjì!" Òmíràn tún yọjú. "Ẹ̀ta! Ẹ̀rin! Màmá, wọ́n ń tò bọ̀!"

Wọ́n jáde, wọ́n jáde, wọ́n jáde. Wọ́n bọ́ sórí aṣọ funfun. Wọ́n jẹ́ mẹ́tàlélógún!

"Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Ògiri tiwa lanu, ló bá di ilé eégbọn!"

"A ti rí wọn!" Màmá fò sókè. Ó gbàgbé pé abẹ́ àtẹ̀gùn ló wà. Gbàgà!

"Yéè, orí mi! A ti rí wọn! Yéè!"

Ó rá jáde, ó gbé Kíniyẹn sókè, ó ń yí i káàkiri. Ó ń fi ọwọ́ kan di orí mú, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Koríko ni mo ń fa aṣọ lé látọjọ́ yìí," ni Màmá wí. "Irú eégbọn yìí ò sì bìkítà fún koríko. Inú ilé ló fẹ́ràn, nítòsí ibi tí ajá bá ń sùn. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe."

"Ẹ̀yin náà máa ń ṣe àṣìṣe, mà?"

"Bi mí ọ̀la. Iṣẹ́ wà nílẹ̀!"

Màmá da eégbọn sínú ìgò, ó dé e pinpin. Ó gbá abẹ́ àtẹ̀gùn. Ó fín òògùn apakòkòrò síbẹ̀. Ó po sìmẹ́ǹtì, ó fi dí ibi tí ògiri ti là. Pẹ́tẹ́! Pẹ́tẹ́! Pẹ́tẹ́! Ògiri ti pa ẹnu dé.

Dókítà Ẹranko wá, ó mú òògùn dání. Ó fi fọ Wàràwàrà láti orí dé ìrù, ó sì tún fún un lábẹ́rẹ́.

Ìyá Àgbà se ìborùn rẹ̀ nínú omi gbígbóná. Kùtùkùtù! Kùtùkùtù! Nígbà tó yọ ọ́, ó ti sún kì. Kò tóbi ju ìnujú lọ.

Ìyá Àgbà gbé e sókè. Ó wo ìborùn. Ó wo Kíniyẹn.

"Láti òní títí oṣù á fi parí," ni ó wí, "bí mo bá ń sùn lọ́sàn-án, ìwọ lo máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí mi."

"Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi ń sùn, mà?"

"Títí tí mo fi máa jí."

"Háà!"

Ọjọ́ Ẹtì dé. Màmá gbé Wàràwàrà lé orí tábìlì Dókítà. Kíniyẹn di ẹsẹ̀ tábìlì mú.

Dókítà wo etí ọ̀tún. Kò sí. Ó wo etí òsì. Kò sí. Ó wo àárín ìka ẹsẹ̀. Kò sí. Ó gbé ìrù sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀. Kò sí.

Kíniyẹn ń tẹ́tí sí ìgò náà. Kò dún tín.

Dókítà wo ẹ̀yìn. Ó dúró. Nǹkan dúdú kan wà láàárín irun Wàràwàrà.

"Kí ni yẹn?" ni Kíniyẹn béèrè.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ mú un. Ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó gbé e sún mọ́ imú.

"Ẹ má bínú," ni ó wí. "Èérún búrẹ́dì mi ni. Irùngbọ̀n mi ló ti já bọ́."

Wàràwàrà gbé orí sókè. Ó gbóòórùn. Ó na ahọ́n. Ó gbá èérún búrẹ́dì náà mì!

"Ó jẹun!" ni Kíniyẹn pariwo. "Wàràwàrà jẹun!"

Dókítà mú gbogbo búrẹ́dì tó kù wá. Wàràwàrà jẹ ẹ́ tán. Ìrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu tábìlì. Pá! Pá! Pá!

"Eégbọn mélòó lẹ rí, Dókítà?" ni Màmá béèrè, bí ẹni tí kò mọ̀.

"Òdo!" ni Dókítà wí. "Ta ló rí ilé wọn?"

Màmá ṣí ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e síwájú Kíniyẹn. Kíniyẹn fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀.

"Ibi tí a ti rí wọn: abẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹni tó jẹ́ ká mọ̀: Kíniyẹn."

Ó tún un kà. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta. Ayọ̀ kún inú rẹ̀ dé ọ̀fun.

Dókítà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, bí àgbà ṣe ń bọ àgbà lọ́wọ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o, olùwádìí!"

Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. "Ó yá, ẹ máa mú ajá yín lọ sílé."

Màmá fẹ́ gbé Wàràwàrà. Wàràwàrà kọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Kíniyẹn náà ń rìn jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Òdo! Òdo! Eégbọn di òdo!" ni Kíniyẹn ń kọ lórin.

Lójú ọ̀nà, aránṣọ kan yọjú lójú fèrèsé. "Kí ló dé?"

"A ti ṣẹ́gun, mà!"

Aránṣọ pàtẹ́wọ́. Káfíńtà kan ju òòlù sílẹ̀, òun náà pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò tò sẹ́yìn wọn, wọ́n ń gbe orin.

"Òdo! Òdo! Eégbọn di òdo!"

Ìyá Àgbà gbọ́ ariwo wọn lókèèrè. Ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó dé. Ó ká ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ ò tíì wí fún mi! Ṣé ajá wa ni?"

"Ajá wa ni, mà!" ni Kíniyẹn dáhùn. "Ó ti di tiwa pátápátá!"

Ìyá Àgbà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá náà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo wọn fi ọ̀nà sílẹ̀ fún Wàràwàrà.

Ó gbóòórùn ẹnu ọ̀nà. Ó wẹ̀yìn wo Kíniyẹn.

Ló bá wọlé.